Ọjọ́ tí wọ́n pariwo olè nílé gémù wa ní Pánṣẹ́kẹ́

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá. Ilé gémù mi kún dẹ́nu. Àfi bí ọmọkùnrin kan ṣe figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà: "Olè! Olè! Di okùn mú!" Kí n tó gbójú sókè nídìí owó tí mò ń kà, ọlọ́kadà méjì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan ti tú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti fa igi agboòrùn rẹ̀ yọ. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí nígboro Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kì í bèèrè ohun tí wọ́n jí kó tó sáré dé.

Wọ́n wo inú ilé títí, wọn ò rí olè. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú tẹlifíṣàn kẹta, pádì lọ́wọ́ kálukú. Ẹni tí wọ́n ń pè ní olè jẹ́ ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14, ẹ̀rín ló ń rín. Olè gan-an wà nínú tẹlifíṣàn, ó so rọ̀ lórí okùn lábẹ́ igi kan nínú igbó tó ń dán yanranyanran. Zoya lorúkọ rẹ̀.

Mo bẹ àwọn ọlọ́kadà. Wọ́n bú mi díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà sídìí ọ̀kadà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti pe ọmọ yẹn ní olè mọ́. Sóyà ni wọ́n ń pè é, bí ẹ̀wà sóyà, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára.

Ariwo yẹn kọ́ ni mo fẹ́ kọ, bí kò ṣe ohun tó bí i àti ohun tó tẹ̀lé e. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn mẹ́rin sọ̀rọ̀ lórí gémù kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Trine 2 níwájú mi, ọ̀rọ̀ wọn ò sì jọra. Ọ̀kan ní kò sí irú ẹ̀ láyé, ọ̀kan ní ìranù ni. Mo kọ́kọ́ gbà pé ohun tó wu kálukú ló ń sọ. Mo ṣì í.

Ilé gémù mi ò tóbi. Tẹlifíṣàn mẹ́ta, bẹ́ǹṣì mẹ́ta, fáànù kan tó máa ń yí nígbà tó bá wù ú. Bọ́ọ̀lù ló ń bọ́ mi. ₦200 ni eré kan, ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó, ẹni tó nà án á jókòó síbẹ̀ títí ẹlòmíì á fi wá gbé e dìde. Ètò yìí ló ń mówó wọlé, nítorí ẹni tí wọ́n nà kì í fẹ́ lọ sílé. Inú bíbí ni ọjà mi, kí n má purọ́. Mo ti rí ọmọ tó fi owó kẹ̀kẹ́ ilé rẹ̀ sanwó eré, tó sì fẹsẹ̀ rìn dé Àdàtán.

Ní oṣù Keje ni PlayStation tó wà lára tẹlifíṣàn kẹta kú. Ẹni tó ń tún un ṣe ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta, mẹ́ta fẹ́ di mẹ́fà. Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé lókè ilé wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fásítì, ló wá bá mi. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká so kọ̀ǹpútà yín mọ́ tẹlifíṣàn yìí. Mo ní gémù kan tí èèyàn mẹ́ta lè jọ ṣe." Ó ti rà á lórí Steam, ọjà gémù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀. Mo ní kó gbé e síbẹ̀. Tẹlifíṣàn tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju èyí tó ń gba eruku lọ.

Trine 2 ni gémù náà. Iléeṣẹ́ Frozenbyte ní ìlú Helsinki, lórílẹ̀-èdè Fínláńdì, ló ṣe é. Ti àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2009, èkejì yìí ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Nínú ti àkọ́kọ́ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀: oṣó kan tó ń jẹ́ Amadeus, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Pontius, àti Zoya tó ń jalè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ kan ohun àràmàǹdà kan náà, ọkàn wọn sì so pọ̀. Trine lorúkọ ohun àràmàǹdà yẹn. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lò ń ṣeré, ọ̀kan nínú wọn ló máa ń hàn lẹ́ẹ̀kan, wàá máa pààrọ̀ wọn bí ọ̀nà bá ṣe gbà. Tí ẹ bá pé mẹ́ta, oníkálukú á mú tirẹ̀, gbogbo yín á sì jọ wà lójú tẹlifíṣàn kan náà.

Ẹnikẹ́ni ò lè na ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ jọ ń lọ ni, láti ọwọ́ òsì tẹlifíṣàn sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ ń fò, ẹ ń gun òkè. Àlọ́ àpamọ̀ ló sì kún ojú ọ̀nà. Afárá já, ẹ̀gún wà nísàlẹ̀, báwo lẹ ṣe máa kọjá? Ewéko kan rọ, omi wà lókè, kí lẹ máa ṣe kí omi kan gbòǹgbò rẹ̀ kí ewé rẹ̀ lè là fún yín láti gùn? Amadeus lè ya àpótí àti pákó sínú afẹ́fẹ́, wọ́n á sì jábọ́ bí ohun gidi, ó sì lè gbé ohun tó wà nílẹ̀ sókè láìfọwọ́ kàn án. Zoya ní ọrun àti ọfà, ó sì ní okùn tó máa ń dì mọ́ igi, tó fi ń fì láti ibì kan dé ibòmíì. Idà, apata àti òòlù ni ti Pontius. Òun ni wọ́n ń tì síwájú nígbà tí àwọn òròmọ-iwin eléyín ṣóṣóró bá yọ. Goblin ni wọ́n ń pè wọ́n nínú gémù, ṣùgbọ́n ilé gémù wa ti sọ wọ́n lórúkọ tí mi ò lè kọ síbí.

Ohun tó dùn jù níbẹ̀, lójú tèmi tí mo kàn ń wò láti ìdí tábìlì, ni pé àlọ́ kan lè ní ìdáhùn mẹ́ta. Bí ohun gidi ṣe ń wúwo, tó ń yí, tó ń léfòó, bẹ́ẹ̀ náà ni níbẹ̀. Ihò kan náà tí oṣó máa fi pákó dí, olè lè fi okùn kọjá rẹ̀. Wọn ò sọ fún ọ pé báyìí ni kó o ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fásítì ló mú oṣó, torí òun ló ni gémù. Lójú tirẹ̀, gémù tó dára tó èyí ò wọ́pọ̀. Ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni ń polówó oògùn ní Kútọ̀: àwọ̀ igbó rẹ̀, orin rẹ̀, bí ọgbọ́n ṣe wà nínú gbogbo kọ̀rọ̀.

Télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ló mú jagunjagun. Ìgbà tí wọ́n bá múná lọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ ló máa ń wá jókòó sídìí jẹnẹrétọ̀ mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbá lòun, iṣẹ́ ogun ló yẹ òun. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì ó gbé pádì sílẹ̀. "Ọ̀gá, kò sí nǹkan kan nínú gémù yìí. Mo kàn ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ kiri bí ọmọ ọ̀dọ̀. Tí ọ̀tá bá dé, mo nà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, mo tún di ẹrù."

Sóyà, tí màmá rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, fẹ́ràn ojú gémù yẹn gan-an, ó sì kórìíra ṣíṣe é. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mi ò fi kún un. "Ó rẹwà. Ó ń bí mi nínú."

Ẹni kẹrin ni ọmọ ọdún 11 kan tó ń na àwọn àgbàlagbà nínú bọ́ọ̀lù. Òun ló máa ń gba pádì nígbà tí Télọ̀ bá lọ dá oníbàárà lóhùn, òun náà ló pariwo olè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní, ó sì ń bi í lójoojúmọ́: "Ta ló wá borí?"

Ìbéèrè yẹn kan èmi náà níbi tó ti ń dùn mí. Tí wọn ò bá na ẹnikẹ́ni, ta ló máa sanwó? Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n san ₦600 fún wákàtí kan, ₦200 ẹnì kan. Tẹlifíṣàn bọ́ọ̀lù ń pa ju ìyẹn lọ ní wákàtí kan náà tí inú bá ń bí wọn dáadáa. Tún wá wo ọ̀rọ̀ iná. Tí iná bá lọ lórí bọ́ọ̀lù, eré kan ló bọ́. Tó bá lọ lórí Trine, wọ́n á padà sí ibi tí gémù ti fi ìrìn wọn pamọ́ kẹ́yìn, wọ́n á tún àlọ́ tí wọ́n ti já tẹ́lẹ̀ já, wọ́n á sì ní kí n má ka àsìkò yẹn mọ́ wọn lọ́rùn. Bẹ́ńtírò ò mọ ìyẹn.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, ohun tó ń bí Sóyà nínú hàn sí gbogbo ilé. Wọ́n dé ibì kan tí ọ̀gbun wà, tí igi mẹ́ta sì ta sórí ọ̀gbun náà. Ó ti wò ó, ó ti rí i: á ta okùn mọ́ igi kìíní, á fì, á tú okùn, á ta á mọ́ èkejì kó tó jábọ́. Ó já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó dé igi kejì, ọmọ ọdún 11 ń pariwo kó di okùn mú, àwọn ọlọ́kadà wọlé, ẹ ti mọ ìyẹn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Zoya ṣì ń so rọ̀ níbẹ̀. Fásítì wo aago rẹ̀, ó ya pákó kan sábẹ́ ẹsẹ̀ Zoya, ó fi pákó gbé e, ó sì gbé e dé òdìkejì bí ẹni gbé àpò gàrí kọjá gọ́tà.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi sílẹ̀!"

"Ṣé o ò fẹ́ kọjá ni?"

"Mo fẹ́ kọjá fúnra mi!"

Ó ju pádì sórí bẹ́ǹṣì. Mo wo pádì mi kí n tó wo ojú ọmọ náà, ìwà ọlọ́jà nìyẹn.

Ìwà tí Fásítì ń hù yìí kì í ṣe arúmọjẹ. Gémù gbà á láyè. Tí oṣó bá wà ní òun nìkan, kò lè gbé pákó tí òun fúnra rẹ̀ dúró lé. Ìyẹn ló ń mú kó máa ronú. Ṣùgbọ́n tí ẹlòmíì bá dúró lé e, gbígbé ò ṣòro. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àlọ́ tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń dá ṣeré máa ń tú ká lójijì nígbà tí èèyàn bá pé méjì tàbí mẹ́ta. Fásítì ní kárí ayé ni àwọn tó ń ṣe é ti ń jiyàn lórí ìyẹn, pé àwọn kan ní adùn rẹ̀ nìyẹn, àwọn kan ní ó ti bà á jẹ́.

Kí a tó parí ìjà yẹn, kẹ̀kẹ́ kan dúró, màmá Sóyà sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan ti gbé e dé Ìtòkú pé wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ lólè ní Pánṣẹ́kẹ́. Aró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Ọ̀gá gémù, kí ni ọmọ mi jí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ṣàlàyé. Kò gbà mí gbọ́, ó ní kí wọ́n ṣe é kóun rí i. Ó dúró sẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ó kó ọwọ́ aró sẹ́yìn kó má ba ara ògiri mi jẹ́, ó ń wò. Fásítì tún ya pákó, ó tún gbé àwọn tó kù kọjá ibì kan. Ó ya àpótí, ó tò ó jọ, wọ́n gùn ún. Kò pẹ́ tí màmá fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá onírùngbọ̀n yìí ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Kí làwọn méjì yòókù wá ṣe níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó tẹ̀ síwájú. "Ẹ wò ó, nídìí àdìrẹ oníko, èmi ni mo máa ń fi iko dì í. Ẹlòmíì ló máa ń rẹ ẹ́ sínú aró. Tí aláró bá já aṣọ gbà mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó dì í tán torí pé iṣẹ́ ti yá a, dúdú lásán ló máa fà jáde nínú ìkòkò. Aṣọ ọ̀hún á ti rẹ aró lóòótọ́. Ta ló máa rà á?"

Ó mú ọmọ rẹ̀, wọ́n lọ. Télọ̀ tó ti ń gbọ́ ọ láti òdìkejì títì ló pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì bẹ màmá kó jẹ́ kí Sóyà padà wá. Télọ̀ ló mú àbá wá. Ó ní ṣé a ti gbàgbé pé aàrò ni Lísàbí fi bẹ̀rẹ̀ ni, kó tó fi ẹgbẹ́ náà gbé ogun dìde sí àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́? Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, ẹnikẹ́ni kì í ga kọjá ọkọ́. "Ẹ jẹ́ kí pádì máa yí. Tí a bá parí ìpele kan, ẹni tó jẹ́ oṣó á di jagunjagun, jagunjagun á di olè, olè á di oṣó." Fásítì jiyàn pé àwọn tó kù á máa fi àkókò ṣòfò lọ́dọ̀ oṣó. Mo ní àkókò náà, èmi ni mò ń tà á.

Mo gbé ìwé tí mo fi ń kọ owó bẹ́ńtírò jáde, mo sì ń kọ ohun tí kálukú bá sọ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá parí ìpele kan. Ìpele 13 ló wà nínú ìtàn Trine 2 gan-an. Àfikún tí wọ́n pè ní Goblin Menace ní mẹ́fà sí i, ṣùgbọ́n a ò dé ibẹ̀. Ìpele mẹ́fà la ṣe báyìí.

Ní ìpele tí Télọ̀ di oṣó, ó gbàgbé oníbàárà tó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń ya àpótí bí ẹni ń gé aṣọ, ó ń yọ ahọ́n síta. Ohun tó sọ nígbà tó parí, bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: "Ọlọ́run, ẹni tó ṣe gémù yìí ní làákàyè." Bẹ́ẹ̀, gémù tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ nìyẹn ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú.

Fásítì di jagunjagun. Ìpele kan ṣoṣo. Nígbà tó parí ó ní ìjà inú rẹ̀ ò jinlẹ̀, pé àwọn ọ̀tá jọ ara wọn jù, pé ó yẹ kí wọ́n ti fún Pontius ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i. Télọ̀ wò mí. Èmi náà wò ó. Ọ̀rọ̀ Télọ̀ gan-an ni, Fásítì kàn fi ẹnu ọ̀mọ̀wé sọ ọ́.

Sóyà nígbà tó di oṣó ṣe ohun tí mi ò retí. Kò gbé ẹnikẹ́ni. Ó máa ń ya àpótí kan sílẹ̀, á sì fi í sílẹ̀ níbi tí ẹlòmíì lè fi ṣe ohun tó bá fẹ́. Nígbà tí wọ́n bá há, á bèèrè: "Ṣé kí n gbé yín ni?" Wọ́n pẹ́ gan-an lórí ìpele yẹn. Fásítì ń mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìpele yẹn ni mo ti kọ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín pa pọ̀.

Èrò wọn ń bá pádì rìn ni. Ẹni tí oṣó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á yin gémù, ẹni tí jagunjagun bá bọ́ sí lọ́wọ́ á ní kò dùn. Ohun méjì péré ni kò yí. Gbogbo wọn ló gbà pé ó rẹwà, níbikíbi tí wọ́n bá jókòó sí. Sóyà tilẹ̀ ti ya ewé ńlá kan tó wà nínú igbó yẹn sórí bébà fún màmá rẹ̀, bóyá á di bátànì. Ọmọ ọdún 11 sì gba gbogbo ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó bèèrè ohun kan náà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Òun ló gba ìwúrí tirẹ̀ ní ọjọ́ tí a tan ètò kejì. Trine 2 ní ọ̀nà méjì tí ẹ fi lè jọ ṣe é: ti Classic, tó jẹ́ pé oṣó kan, jagunjagun kan, olè kan ni, àti ti Unlimited, tí ẹ lè jẹ́ oṣó mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan bó bá wù yín. Mo ní ẹ jẹ́ ká wò ó, bóyá á parí ìjà. Oṣó mẹ́ta dìde. Pákó kún ojú ọ̀run. Àlọ́ tó yẹ kó gba wákàtí kan, wọ́n fò kọjá rẹ̀ láìmọ̀ pé àlọ́ ni. Ọmọ náà sì ṣàwárí pé òun lè yọ pákó kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ó fà á yọ lábẹ́ Fásítì, Fásítì ṣubú sórí ẹ̀gún. Ó fà á yọ lábẹ́ Télọ̀. "Méjì sí òdo!" Ó ti rí ẹni tó borí. Sóyà ní kí a tún un pa dà sí bó ṣe wà, pé báyìí kì í ṣe gémù mọ́, ìyàrá ìṣiré ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ọmọ náà fi ọlá bẹ̀ wá fún ọjọ́ méjì, a ò gbà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Fásítì sọ ìtàn ìyókù fún wa. Ní ọdún 2015, iléeṣẹ́ yẹn ṣe ẹ̀kẹta, wọ́n yí ojú rẹ̀ padà kí èèyàn lè máa rìn síwájú sẹ́yìn, kì í ṣe òsì sí ọ̀tún nìkan mọ́. Àwọn tó rà á bínú. Wọ́n ní kò gùn, wọ́n ní ìtàn rẹ̀ já sójú ọ̀nà. Iléeṣẹ́ ṣàlàyé pé ohun tí àwọn fẹ́ ṣe ju agbára àwọn lọ, pé owó tí àwọn ná lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti Trine 2. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Trine 4 jáde, wọ́n ti padà sí òsì-sí-ọ̀tún, èèyàn mẹ́rin sì lè jọ ṣe é. Ohun tó mú Télọ̀ dìde jókòó ni pé nínú ti kẹrin yìí, àlọ́ fúnra rẹ̀ máa ń yí gẹ́gẹ́ bí iye àwọn tó jókòó. Tí ẹ bá jẹ́ méjì, ohun méjì ló máa béèrè. Ẹ̀karùn-ún ti jáde ní ọdún 2023.

"Àbí wọ́n gbọ́ ohùn màmá Sóyà ni?" Télọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ì bá ti wo ọgbẹ́ tiwa sàn. Àlọ́ lè béèrè ẹni mẹ́ta, tí ẹni kan bá ti mọ ìdáhùn tí kò sì ní sùúrù, á ṣì gba pádì lọ́wọ́ yín ní tòótọ́. Mo ti rí i tí Fásítì na ọwọ́ sí pádì Sóyà láìmọ̀. Ní ti owó, mo ṣírò ìwé mi: tẹlifíṣàn kẹta pa díẹ̀ ju ìdajì ohun tí ti bọ́ọ̀lù pa lọ. Ìyàwó mi rí ìwé náà. Ó ka owó, ó tún yí i padà, ó ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ sẹ́yìn. "Èyí tó o kọ sẹ́yìn yìí ńkọ́, èló ni wọ́n ń rà á?"

PlayStation dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo so ó padà mọ́ tẹlifíṣàn kẹta láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ọ̀sán Sátidé nìkan ni kọ̀ǹpútà ń gbé ibẹ̀, ₦600 wákàtí kan, pádì sì ń yí. Fásítì ti padà sí FUNAAB ní Alábàtà, ó fi àkáǹtì rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ó sì máa ń pè lórí fóònù bèèrè ibi tí a dé. Ọmọ ọdún 11 ni ẹni kẹta báyìí. Ó ṣì ń bi wá léèrè ẹni tó borí.

Sátidé tó kọjá, ọ̀gbun kan tún dé. Sóyà ni oṣó, Télọ̀ ni jagunjagun. Wọ́n gbìyànjú títí, wọn ò rí ọ̀nà. Sóyà yíjú sí i.

"Bọ̀dá Télọ̀, ṣé kí n gbé yín ni?"

Télọ̀ ronú díẹ̀. "Ó dáa. Gbé mi."

Pontius gun pákó, pákó dìde, ó wà ní àárín méjì lórí ọ̀gbun nígbà tí oníbàárà kan kígbe láti òdìkejì títì pé aṣọ ìgbéyàwó òun dà. Télọ̀ gbé pádì sórí bẹ́ǹṣì. "Gbé mi dúró bẹ́ẹ̀, mò ń bọ̀." Ó sọdá títì. Ó wọn aṣọ náà, ó tú u, ó tún un rán díẹ̀ níbi abíyá, ó gba owó. Sóyà ò mú ìka kúrò lórí pádì rẹ̀ títí ó fi dé.